Wolé-wolé

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ẹ̀gbẹ́ ògiri Bàbá Fálùsì
ní Ùró, ní Ìkẹ́rẹ́,
níbi tí òjìji Olósùnta ti máa ń bo orí páànù wa
kí ilẹ̀ tó ṣú fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò kún ṣíbí:
ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn;
rédíò rẹ̀ tó ń ka ìròyìn fún àga òfìfo;
odó kékeré tó fi ń gún iyán ẹnì kan,
gbì, gbì, gbì,
ó tán.

Wọ́n ní wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìntì.
Láti ibí dé Ìgbàrà-Odò, kò sí ilé tí kò wọ̀,
tó ṣí àmù wò, tó fi tọ́ọ̀ṣì tan abẹ́ ibùsùn,
tí àwọn ìyàwó ilé ń sáré gbálẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Gbogbo ilé ló wọ̀.
Ta ló wọ tirẹ̀?

Èmi kọ́. Orí ọ̀kadà ni mo ti máa ń kí i,
"Ẹ kú ilé o, Bàbá," bí ẹni ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù.
Kó tó dáhùn tán, mo ti dé kọ́nà.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú,
hẹ́rẹ́huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.
Irọ́ ni.
Èmi sùn.
Mo ki òwú bọ etí, mo sùn.

Nígbà mìíràn á kanlẹ̀kùn mi lálẹ́.
Màá da fóònù dojú bolẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà tú mi fó,
màá sé èémí.
Mo rò pé owó ló fẹ́ yá, tàbí ìtàn gígùn ló gbé wá.
Bàtà rẹ̀ á wọ́ padà lórí sìmẹ́ǹtì, ṣàà, ṣàà.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè bí ọ̀bẹ,
rédíò náà kò panu dé fún ọjọ́ méjì.
Ìròyìn, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìròyìn.
Inú bí mi. Mo fọwọ́ gbá ògiri.
Olúwa mi, mo fọwọ́ gbá ògiri.

Ọjọ́ kẹta ni Súnkànmí, ọmọ fọkanáísà, gba fèrèsé wọlé.
Mi ò ní sọ ohun tó rí.
Èmi ni mo pa rédíò.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wọlé rẹ̀.

Fẹ́híntolú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé láti Jọ́ọ̀sì.
Ó bi mí: "Kí ni bàbá mi máa ń sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"
Mo wo ilẹ̀. Èèrà ń tò lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí i
lára férémù ilẹ̀kùn mi, níbi tí ọwọ́ arúgbó lè tó:
àmì ṣọ́ọ̀kì wínníwínní tí mo ti ń pè ní iṣẹ́ ọmọdé,
bó ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Ọ̀wàrà. Kò sí nílé.
Ọjọ́ kejì, Bélú. Kò sí nílé.
Ọdún tuntun. Mo gbé iyán wá. Kò sí nílé.

Mo wà nílé.

Obìnrin kan ń gbé òdìkejì títì,
aṣọ ọmọ jòjòló ló máa ń sá, mi ò sì gbọ́ ẹkún ọmọ rí.
Ọdún mẹ́rin náà ni. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Lálẹ́ àná mo sọdá, mo kanlẹ̀kùn.
Iná inú ilé kú lójijì.
Mo dúró. Mo mọ èémí tí a sé, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.
Mo tún kàn án.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni."
"Ìwọ ta?"